Kámíọ̀ Ìbọn Tó Ń Fi Ẹ̀yìn Wọ Ogun

Mo ti wakọ̀ ogun rí. Inú eré orí kọ̀ǹpútà ni o, ṣùgbọ́n òógùn tó bọ́ lójú mi nídìí rẹ̀, òógùn gidi ni. Aránṣọ ni mí. Pobẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, Sakété ni mo lọ sílé ọkọ. Àbúrò ọkọ mi kan ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ojú títì ni ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà kọ sí, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣí sí àgbàlá wa, níbi tí mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi kalẹ̀ sí. Tí iṣẹ́ bá ti dín kù lópin ọ̀sẹ̀, òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì á so kọ̀ǹpútà pọ̀, wọ́n á máa ja ogun àwọn òyìnbó ayé àtijọ́. Ọkọ̀ onírin oníbọn gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní ṣáà á máa rìn nílẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú á máa ju bọ́ǹbù látòkè, èmi á sì máa rán kọ́là ọlọ́kọ́là láàárín ariwo yẹn.

Ẹni mẹ́rin ni eré náà gbà. Ìbátan wọn kan láti Ìta-Ìjẹ̀bú ni ẹnì kẹrin, ṣùgbọ́n nígbà tí àgbàdo gbó, oko gbà á lọ́wọ́ wọn. Ni wọ́n bá yọjú sí àgbàlá, wọ́n rí mi. Wọ́n ní, "Ìyàwó, wá bá wa jókòó sídìí èyí. Má ṣe nǹkan kan, kàn wà níbẹ̀ kí iye wa lè pé."

Ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ni wọ́n gbé fún mi. Kámíọ̀ àwọn ará Jámánì ni, èyí tí wọ́n lò nígbà tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí wọn ò tíì rí ọkọ̀ tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe. Kámíọ̀ ẹlẹ́rù lásán, irú èyí tó ń kó ẹyìn láti oko ọ̀pẹ Pobẹ̀, ni wọ́n gbé ìbọn kan lé lẹ́yìn, tí wọ́n kọjú rẹ̀ sí ọ̀run. Kò sí irin kankan tó bo ara rẹ̀. Àwọn sójà tó ń yin ìbọn náà kàn jókòó sí gbangba bí ẹni tó ń gba atẹ́gùn. Ọta kékeré kan péré tó bá ti bà wọ́n, ó parí. Iṣẹ́ rẹ̀ sì nìyí: kó máa wo òkè, kó máa já ọkọ̀ òfuurufú bọ́, kí bọ́ǹbù má baà bọ́ lé àwọn ṣáà lórí. Ẹni tí gbogbo ilé ń sá sábẹ́ rẹ̀ gan-an ni kò ní ohun tó fi bora. Mo ní kí wọ́n má ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí ti yé mi, iṣẹ́ ìyàwó ilé ni.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò kúrò nídìí manẹ́ẹ̀tì tí a fi ń darí kámíọ̀ náà. Kò pẹ́ tí mo fi rí ohun tí wọn kò rí. Orí kámíọ̀ níwájú, níbi tí dírẹ́bà ń jókòó sí, ló ń dí ìbọn lọ́wọ́. Tí o bá kọjú sí ọ̀tá, ìbọn rẹ kò lè wálẹ̀ tó. Ẹ̀yìn lo gbọ́dọ̀ kọ sí i. Nítorí náà ni mo ṣe ń fi ẹ̀yìn wakọ̀ wọ ogun, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ já ẹrù sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ wo ará Pobẹ̀! Ìdí ni wọ́n fi ń wọ ogun níbẹ̀." Mo ní ìdí náà ló ń gba ẹ̀mí wọn là, kí wọ́n kí i dáadáa.

Ìbọn yíyìn náà kò sì le bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Bí o bá fẹ́ sọ òkò lu adìyẹ tó ń sá, iwájú adìyẹ lo máa sọ ọ́ sí, ibi tó ń lọ, kì í ṣe ibi tó wà. Ẹni tó bá ti lé adìyẹ rí nílé ìyá rẹ̀ ní Tówé lẹ́bàá Pobẹ̀, bí èmi, kò nílò ẹ̀kọ́ míì. Wàhálà ibẹ̀ kò ju pé àpótí ọta kékeré ni, kíá ló ń tán. Tó bá tán, àwọn sójà á máa gbé òmíràn wọ̀ ọ́, o ò sì lè ṣe nǹkan kan lásìkò yẹn àfi kí o máa gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kí òṣù tó yí, òkè ti mọ́ lórí wa. Ìbátan Ìta-Ìjẹ̀bú fúnra rẹ̀ gbọ́ ìròyìn mi lóko.

Ìṣòro kan ló wà tí àwọn òyìnbó tó ṣe eré yìí kò ronú kàn. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Gbogbo ẹni tí mo bá nílé ọkọ mi, ọkọ mi ni, títí dé èyí tó jẹ́ obìnrin, àti èyí tí mo wẹ̀ fún rí. Mo sì ti sọ wọ́n lórúkọ, bí ìyàwó gidi ṣe ń ṣe. Ọlọ́ṣọ́ọ̀bù ga, aṣọ máa ń bá a lára mu, òun ni Agùntáṣọọ́lò. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ta gèlè lọ́jà ni Ìbàdíàrán. Àbíkẹ́yìn wọn tó ń lọ sí yunifásítì, tó máa ń wálé lópin ọ̀sẹ̀, òun ni Akọ̀wé. Orúkọ dáadáa ni gbogbo wọn, wọ́n dùn ún pè láàárọ̀ tí èèyàn bá wà lórí ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú ogun, èmi tí mò ń wo òkè ni mo máa ń kọ́kọ́ rí ọkọ̀ òfuurufú. Kí n tó wí pé, "Agùntáṣọọ́lò, ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹ̀yìn yín," èéfín ti ń jáde lórí ṣáà ọkọ mi.

Ó ṣẹlẹ̀ títí ó sú wọn. Lọ́jọ́ kan, Agùntáṣọọ́lò kọjú sí mi. Ó ní, "Ìyàwó, nínú eré kò sí ọkọ, kò sí ìyàwó. Orúkọ tí wọ́n sọ mí ni kí o pè. Kúkúrú ni. Dakọ̀?"

Mo ní dakọ̀, mo gbà. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú tún kọrí sísàlẹ̀, mo ya ẹnu, orúkọ náà dé ọ̀fun mi, ó dúró. Mo tì í. Ó jáde, ṣùgbọ́n bí ìgbà tí èèyàn ń wúkọ́ ni. Ìyá ọkọ mi wà nílé ìdáná nígbà náà. Obìnrin yìí kì í gbọ́ tí wọ́n bá ń kan ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èyí. Ó yọ sí wa pẹ̀lú ìgbákọ lọ́wọ́.

Ó ní, "Ta ló pe ọmọ mi lórúkọ?"

Agùntáṣọọ́lò ní, "Ìyá, èmi ni mo ní kó pè é. Eré la ń ṣe."

"Eré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tí ìyàwó kì í pè nídìí ọbẹ̀, kò ní pè é nídìí ìbọn. Bí kámíọ̀ yín bá le tó bẹ́ẹ̀, ẹ wá ọmọ ilé tí yóò wà á."

Ó padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀. Mi ò bínú sí i, nítorí ká sòótọ́, ara ti ń ta mí náà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn yẹn ló di wàhálà. Àwọn ọ̀dọ́ Pobẹ̀ ti pè wá níjà, pé ká wá bá àwọn ta kàn-án-gbọ̀n lọ́jọ́ Àìkú kan nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣeré. Bí ọjọ́ náà ṣe ń súnmọ́, ìbátan Ìta-Ìjẹ̀bú kó àgbàdo rẹ̀ tán, ó dé, ó ní òun fẹ́ àyè òun padà. Ọmọ ilé ni. Kò sí ẹni tí kò lè pè lórúkọ. Agùntáṣọọ́lò rò ó títí, ó wá dá ẹjọ́. Ó ní ìyàwó ni yóò wa kámíọ̀ ní Pobẹ̀, nítorí òun ló ń já ọkọ̀ òfuurufú bọ́ jù. Ṣùgbọ́n tí a bá pàdánù, kámíọ̀ ti di ti ìbátan wa nìyẹn, èmi á sì padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè máa rẹ́rìn-ín pé kí ni àgbà obìnrin ń fi kámíọ̀ inú dígí ṣe. Mo fẹ́ ẹ ni. Wọ́n fẹ́ràn mi nílé yẹn, mi ò ní parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, "Ìyàwó, bù mí lómi," "Ìyàwó, bá mi gbé ìyẹn wá," ni mò ń gbọ́. Nínú kámíọ̀ yẹn nìkan ni wọ́n ti ń pariwo pé kí n wá gba àwọn. Mo ti mọ adùn rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọkọ mi, tó ń ra àgbàdo tà, tí kò sì mọ ìdí manẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí orí rẹ̀, ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé gbogbo wa lọ sí Pobẹ̀, àti ìbátan wa pẹ̀lú. Lẹ́yìn tí àwọn ará ilé ọkọ mi kí ìrun Aláásárì tán la wọ inú gbọ̀ngàn. Ta ni mo rí láàárín àwọn tí a fẹ́ bá jà? Àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi, èyí tí mo gbé pọ̀n títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń bọ̀. Ó ṣì wọ aṣọ funfun wọn tó balẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lásán, ó kó bàtà rẹ̀ sínú àpò. Òun ló ń wa ọkọ̀ òfuurufú fún Pobẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi pẹ̀lú gbogbo funfun náà.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àbọ̀. Ẹ má bínú sí mi lónìí o."

Mo ní, "Mi ò ní bínú. Ìwọ náà má bínú tí o bá já bọ́."

Olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ni adájọ́. Ó ní ìhà tí gbogbo ọkọ̀ rẹ̀ bá kọ́kọ́ bàjẹ́ ló pàdánù, ó ní ká bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé ló kọ́kọ́ kú, bó ṣe máa ń ṣe, nítorí ìwé tó kà kì í jẹ́ kó lè dúró jẹ́ẹ́. Ìbàdíàrán ba ṣáà méjì jẹ́ kí iná tó sọ nínú tirẹ̀. Ó wá ku Agùntáṣọọ́lò àti èmi. Ó ku ṣáà kan àti ọkọ̀ òfuurufú àbúrò mi lọ́dọ̀ wọn. Mo ti fi ẹ̀yìn wa kámíọ̀ mi wọ abẹ́ ògiri ilé àlàpà kan, mo yìnbọn lu àbúrò mi, mo yìn ín títí àpótí ọta fi tán. Bí àwọn sójà mi ṣe ń gbé òmíràn ni mo rí i tó yí padà, tó kọrí sísàlẹ̀, ó ń bọ̀ lórí Agùntáṣọọ́lò tààrà. Agùntáṣọọ́lò sì kọjú sí ṣáà tirẹ̀, kò rí nǹkan kan.

Mo ya ẹnu. "Agùn," ni mo wí, mo sì mọ̀ pé mi ò ní parí ẹ̀. Orúkọ kúkúrú wà níbẹ̀, mi ò lè pè é. Gbogbo ìbínú mi já lé ọmọ tó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú lórí, òun gan-an ni mo bá ké pè, orúkọ àti oríkì rẹ̀ pọ̀, pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń pè é láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé pápá bọ́ọ̀lù nígbà tí ẹ̀wà bá ń jóná.

Àbúrò mi fi manẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ó dìde dúró ṣánṣán nínú aṣọ funfun rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ń bọ̀."

Ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ lọ forí sọlẹ̀. Kí ó tó padà jókòó, Agùntáṣọọ́lò ti ba ṣáà tó kù jẹ́.

Ariwo tó sọ nínú gbọ̀ngàn yẹn kò ṣeé fẹnu sọ. Àwọn ará Sakété ń jó, àwọn ará Pobẹ̀ ní arẹ́nijẹ ni wá. Adájọ́ gbé ọwọ́ sókè, ó pe àbúrò mi síwájú, ó bi í bóyá ẹnì kan fipá mú un dìde.

"Rárá. Ẹ̀gbọ́n mi ló pè mí."

"O mọ̀ pé eré lò ń ṣe?"

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n pè mí."

Àwọn àgbà tó ń yọjú lójú fèrèsé ní ọmọ tó gbẹ̀kọ́ nìyẹn. Adájọ́ họ orí. Ó ní kò sí òfin kan tó sọ pé èèyàn ò gbọdọ̀ pe àbúrò rẹ̀, nítorí náà Sakété ló borí. Ìbàdíàrán ti ń gbá mi mọ́ra. Kámíọ̀ ti di tèmi. Ṣùgbọ́n mo wo àbúrò mi níbi tó dúró sí, tó dorí kodò, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pòṣé sí i, ìyẹn kò sì dùn mọ́ mi nínú rárá. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó máa jẹ́ ìpè. Ẹni tí mo kọ́ láti máa jẹ́ ìpè, mi ò ní fi ìpè pa á.

Mo ní ká tún un jà. Kí adájọ́ dá ọkọ̀ mẹ́rin tó gbẹ̀yìn padà, ẹnu mi kò ní sọ nǹkan kan. Ìbàdíàrán já mi léèékánná lápá. Ó ní, "Ìyàwó, kámíọ̀ ẹ ńkọ́?" Mo ní mo mọ̀. Mo tú gèlè mi, mo fi di ẹnu ara mi, nítorí mo mọ irú ẹnu tí mo ní. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, adájọ́ náà kò lè pa á mọ́ra.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù bà mí. Àbúrò mi gba ojú ọ̀run lọ, mo ń fi ìbọn tẹ̀ lé e, mi ò sì lè kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo wá rí i pé ṣáà Agùntáṣọọ́lò dúró, ó yí díẹ̀, títí ojú rẹ̀ fi tó kámíọ̀ mi. Ìbọn mi ló ń wò. Mo gbé ìbọn sí ọwọ́ òsì, ó sá sí ọ̀tún. Mo gbé e sókè orí rẹ̀, ó wọ abẹ́ ògiri. Àbúrò mi ju bọ́ǹbù, ilẹ̀ lásán ló bà. Gbogbo ọjọ́ tí a fi ń jà lórí orúkọ ní Sakété, tí ẹnì kan bá ti wo ọwọ́ mi ni, a ò bá ti sinmi.

Ṣáà wọn yọ lẹ́yìn àlàpà, ó yìnbọn lu táyà mi. Kámíọ̀ mi ò lè rìn mọ́. Àbúrò mi rí i, ó fi Agùntáṣọọ́lò sílẹ̀, ó kọrí sí mi, nítorí ọmọ náà gbọ́n, ó mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ kú. Mo jẹ́ kó máa bọ̀. Ọta mi kò pọ̀ mọ́. Nígbà tó tóbi lójú mi, mo yìn ín, kì í ṣe ibi tó wà, ibi tó ń lọ. Apá kan kán lára ọkọ̀ òfuurufú náà, ó gba orí mi kọjá, ó lọ já bọ́ sínú igbó. Láàárín ìyẹn, Agùntáṣọọ́lò ti yí ẹ̀yìn ṣáà tó fọ́ táyà mi ká, ó sì pa á. Mo tú gèlè lẹ́nu mi.

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa mí dáadáa." Ọ̀gá àwọn ọ̀dọ́ Pobẹ̀ náà dìde. Ó mi orí, ó sọ ọ́ sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́, pé, "Ọmọ wa ni. Ká ní a mọ̀ ni, a kì bá tí fi í fún yín."

Mo rò pé àwọn ará ilé ọkọ mi máa rẹ́rìn-ín ni. Agùntáṣọọ́lò kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó kúrò nídìí tábìlì, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún àwọn ará Pobẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀ tẹ̀ lé e, Ìbàdíàrán kúnlẹ̀. Bí àwọn àna ṣe ń ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n wá tọrọ ọmọ gan-an ni.

Agùntáṣọọ́lò ní, "Ẹ ṣé tí ẹ fi í fún wa. A ò ní dá a padà."

Ẹkún gbà mí. Inú mi dùn, mi ò sì wá ibi tí mo máa fi ojú pamọ́ sí. Ìbátan wa láti Ìta-Ìjẹ̀bú, tó ti jókòó sẹ́yìn wa láti ìbẹ̀rẹ̀, ló gba gèlè lọ́wọ́ mi, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó ní kí n fi nu ojú.